Àpò ìdánwò ọfà carbon fún ọrun àtijọ́: ohun tí mo rí lórí ọrun méjì

Ẹni tó bá ti ra ọfà carbon fún recurve (ọrun tí orí apá rẹ̀ tẹ̀ síwájú) tàbí longbow (ọrun gígùn tí apá rẹ̀ kò tẹ̀ bẹ́ẹ̀) rí á mọ bó ṣe máa ń lọ. Ẹni tó ń tajà á bi í pé pọ́n-ùn mélòó ni agbára tí a fi ń fa ọrun rẹ̀, á wo pátákó kan lára ògiri, á ní kó gba 500 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ̀pá ọfà ṣe le tó, tí wọ́n ń pè ní spine), ó parí. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí ó máa ń fa okùn dé, bí ìdìmú ọrun náà ṣe nípọn tó, tàbí bí orí ọfà tó fẹ́ lò ṣe wúwo tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra àpò ìdánwò dípò kí n ra ọfà méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tó owó tí mo san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìlànà tó bá a wá kò wúlò fún nǹkan kan.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pá ọfà mẹ́fà tó gùn ní íńṣì 30 ni: méjì jẹ́ spine 400, méjì jẹ́ 500, méjì jẹ́ 600. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ìyẹ́ mẹ́ta, èkejì wà ní ìhòòhò. Orí ọfà onírin tí a ń yí wọlé wà pẹ̀lú wọn, ti gíréènì (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ìwúwo ọfà) 100, 125, 145, 175, 200 àti 250. Ìyẹ́ tòlótòló gidi ni wọ́n lò, kì í ṣe ti ike, ó sì ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀. Lórí ọrun àtijọ́, ara ìdìmú gan-an ni ọfà máa ń jókòó sí. Bí ìyẹ́ gidi bá kan ìdìmú, á tẹ̀, á kọjá, ṣùgbọ́n ti ike á ti ìdí ọfà dànù. Bí ẹ bá rí àpò tó jẹ́ ike ni wọ́n fi ṣe ìyẹ́ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn oní-compound, ọrun ìgbàlódé tó ní kẹ̀kẹ́ lórí apá. Mi ò ní dárúkọ ilé ìtajà tó tò ó jọ, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí màá rò tó bá yá, irú àpò yìí sì wà lọ́wọ́ olùtajà púpọ̀ ní Amẹ́ríkà níbí.

Fún ẹni tí nọ́ńbà spine kò tíì yé: kì í ṣe ìwúwo, kì í sì í ṣe gígùn. Wọ́n á gbé ọ̀pá lé orí ìdúró méjì tó fi íńṣì 28 jìnnà síra, wọ́n á so ìwúwo pọ́n-ùn 1.94 mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n á wá wọn bó ṣe tẹ̀ wálẹ̀ tó. Bó bá tẹ̀ ní ìdajì íńṣì, ìyẹn 0.500, òun ni wọ́n ń pè ní 500. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ọ̀pá ń le sí i. Ó máa ń rú àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọfà onígi lójú, torí pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń ka líle tiwọn, nọ́ńbà ńlá ni líle níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ọfà Gold Tip àtijọ́ tí wọ́n kọ 3555 sí lára, 500 náà ni. 5575 ni 400.

Ìwọ̀n orí tábìlì nìyẹn ṣá. Nígbà tí okùn bá ti ọfà láti ẹ̀yìn, nǹkan mìíràn ló ń ṣẹlẹ̀. Orí ọfà wúwo, kò fẹ́ tètè gbéra. Ìdí ọfà ti ń bọ̀ pẹ̀lú agbára. Àárín ọ̀pá á wá tẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, Clarence Hickman, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, fi kámẹ́rà tó ń yára ya àwòrán hàn gbangba pé ọfà máa ń yí ara ká ìdìmú ọrun ni, á tẹ̀ síhìn-ín, á tẹ̀ sọ́hùn-ún, kí ó tó nà tán lójú afẹ́fẹ́. Bí ọ̀pá bá le jù, kò ní lè yí i ká, á gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Bó bá rọ̀ jù, á tẹ̀ kọjá ààlà, á gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Orí ọfà tó wúwo máa ń mú kí ọ̀pá kan náà ṣe bí èyí tó rọ̀. Bí a bá gé ọ̀pá kúrú, á ṣe bí èyí tó le. Okùn tí kì í nà máa ń béèrè ọ̀pá tó le ju èyí tí Dacron, okùn tó máa ń nà, béèrè lọ.

Ọrun méjì ni mo fi dán an wò. Àkọ́kọ́ ni Samick Sage, recurve tí a lè tú sí mẹ́ta, tó gùn ní íńṣì 62, apá pọ́n-ùn 40 ló wà lára tèmi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá fà á dé íńṣì 28 ni 40 yẹn. Íńṣì 27 ni èmi máa ń fà dé, torí náà nǹkan bíi 37 àti ààbọ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Èkejì ni longbow olódindi, irú èyí tí Howard Hill, tafàtafà ará Amẹ́ríkà, sọ di olókìkí, pọ́n-ùn 45 ní íńṣì 28, nǹkan bíi 42 lọ́wọ́ mi. Okùn Dacron ló wà lára àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọn ibi tí ẹ ń fà dé kí ẹ tó ra ohunkóhun. Íńṣì kan péré lè yọ pọ́n-ùn méjì sí mẹ́ta kúrò nínú ohun tí wọ́n kọ sára ọrun yín.

Ìdánwò náà rọrùn. Ẹ ta ọfà tó ní ìyẹ́, ẹ ta ti ìhòòhò láti ojú kan náà, kí ẹ wo ibi tí ìkejì bá dé sí ìkíní. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa okùn, bí ti ìhòòhò bá lọ sí òsì, ó le jù. Bó bá lọ sí ọ̀tún, ó rọ̀ jù. Ọlọ́wọ́ òsì á yí i padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti yáàdì mẹ́wàá kí ẹ tó sún sẹ́yìn, torí ọfà ìhòòhò tí kò bá ọrun mu lè gba ibi tí ẹ kò rò. Ibi tí ọfà bá dé ni kí ẹ wò, ẹ má wo bí ìdí rẹ̀ ṣe dagun nínú fóòmù tí ẹ ń ta, fóòmù fúnra rẹ̀ lè yí i. Kí ẹ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún rárá, ẹ kọ́kọ́ to ibi tí ìdí ọfà ń há sí lórí okùn. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì íńṣì sókè ojú ibi tí ọfà jókòó, mo sì ń yí i títí tí ti ìhòòhò kò fi ga ju èkejì lọ, tí kò sì relẹ̀ jù ú lọ. Bí ìdí ọfà bá ń fi ara gbá ìdìmú, gbogbo ohun tí ẹ bá rí irọ́ ni. Ẹ bu páúdà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìdìmú, kí ẹ ta á, kí ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá nǹkan ti ha á.

Lórí Sage, 400 kò gbà rárá. Òsì ló ń lọ, àní pẹ̀lú orí gíréènì 250. 500 lọ sí òsì pẹ̀lú 125, ó ń sún bọ̀ bí mo ṣe ń fi orí tó wúwo sí i, ó sì bá ìkejì rẹ̀ pàdé láàárín 200 àti 250. 600 pàdé ní 145, ó gba ọ̀tún lọ ní 200. Títí dé ibí yìí, kò sóhun ìyàlẹ́nu kankan.

Longbow ló dá mi dúró. Ó fi nǹkan bíi pọ́n-ùn márùn-ún le ju Sage lọ, pátákó ilé ìtajà sì sọ pé kí n lọ sí 500, ó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 400. Mo fi 500 sí i pẹ̀lú orí tó wúwo jù nínú àpò, 250, òsì ló ṣì ń lọ. Mo fi 600 sí i pẹ̀lú 200, ọfà méjèèjì dúró síra. Ọrun tó lágbára jù ló fẹ́ ọfà tó rọ̀ jù! Ìdìmú ló fà á. Wọ́n ti gé ojú ìdìmú Sage wọ inú dé àárín, ọfà fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ àmì tààrà. Wọn kò gé ti longbow wọ inú tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni ọfà ń kọjú sí kí okùn tó ti í, ó sì ní láti yí ara ká igi tó nípọn. Ọ̀pá tó le kò lè ṣe é. Pátákó tí wọ́n fi ń tajà kò bi mí ní ìbéèrè yìí. Orí gíréènì 100 tàbí 125 ni irú pátákó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi ṣírò, fún ọrun tí wọ́n gé dé àárín.

Ohun tó wá jáde níbẹ̀ ló mú kí àpò náà san owó ara rẹ̀ padà: ọ̀pá kan náà, 600 ní íńṣì 30, ló sin ọrun méjèèjì. Orí ọfà nìkan ni mo ń pààrọ̀, 145 fún Sage, 200 fún longbow. Gíréènì 7,000 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, torí náà ìyàtọ̀ 55 yẹn kò tó gíráàmù mẹ́rin, síbẹ̀ ẹ lè rí i ní yáàdì 20 kí ẹ tó dé ìdí àmì. Ọfà mi fún Sage jẹ́ nǹkan bíi gíréènì 370, ti longbow jẹ́ 425; gíréènì bíi mẹ́wàá fún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan lórí ọrun méjèèjì. Èmi kì í jẹ́ kó dín ní mẹ́jọ, torí bí ọfà bá fúyẹ́ jù, agbára tí kò bá a lọ á padà sínú apá ọrun.

Ọ̀rọ̀ orí wíwúwo yìí ti di ẹ̀sìn lọ́wọ́ àwọn kan. Wọ́n á fa ìwádìí Ed Ashby lórí ọfà ọdẹ yọ, wọ́n á ní ọfà tí kò bá tó gíréènì 650 kì í ṣe ọfà. Ẹran ńlá àti egungun ni Ashby ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fóòmù ni èmi ń ta, fóòmù kò ní egungun. Bí mo bá gbé 650 lé Sage mi, ó ju gíréènì 17 fún pọ́n-ùn lọ, ọfà á máa rọ̀ wálẹ̀ bí òjò, màá sì ní láti máa fojú sun ewé orí igi. Ẹni tó bá ń ṣọdẹ lè gba ìmọ̀ràn yẹn pẹ̀lú ọrun tó le.

Bí ó bá ku díẹ̀ kó bára mu, ẹ má tíì ra orí mìíràn. Bí ti ìhòòhò bá gba ọ̀tún díẹ̀, ẹ fi awọ tín-ínrín kún ẹ̀gbẹ́ ìdìmú níbi tí ọfà ń fara tì. Ọfà á kúrò ní àárín, á sì ṣe bí ẹni pé ó le sí i. Bó bá jẹ́ òsì, ẹ dín awọ náà kù. Èyí kò sí nínú ìwé tó bá àpò wá. Compound ni ìwé yẹn ń bá sọ̀rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

Ẹjọ́ mi rèé o. Àwọn orí ọfà kò péye. Mo gbé wọn lé òṣùwọ̀n, èyí tí wọ́n kọ 145 sí jẹ́ 141, òmíràn nínú àwọn 200 fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 206. Irin kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ọ̀kan nínú àwọn 500, èyí tí orí ń yí wọ̀, jáde nínú fóòmù nígbà tí mo fa ọfà náà yọ, orí àti irin jọ kù síbẹ̀. Wọ́n rán òmíràn sí mi lẹ́yìn tí mo ti kọ̀wé títí. Fún ohun tó jẹ́ pé ìwọ̀n ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, òṣùwọ̀n yẹ kó wà ní ilé ìtajà náà.

Nígbà tí mo wá ra ọ̀pá méjìlá tèmi, mo gbà wọ́n láìgé. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ló ni ọfà kan ṣoṣo. Èmi nílò méjìlá, mo sì máa ń sọ díẹ̀ nù. Ẹ má fi ayùn ọwọ́ gé carbon, á fọ́ lẹ́nu. Ayùn oníná tó ń lọ̀ ọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ bo imú, torí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa gé e, kí ẹ máa dán an wò, ẹ kò lè dá a padà. Bí ọfà bá ti gbá nǹkan líle, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lẹ́bàá etí kí ẹ tó tún un ta. Bó bá dún bí nǹkan tó ń ya, ẹ sọ ọ́ nù. Carbon tó bá fọ́ nígbà tí okùn bá tì í, ọwọ́ tó di ọrun mú ló máa ń wọ̀.

Mi ò ní sọ pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ra á. Bí ìka kò bá tíì máa tú okùn bákan náà nígbà gbogbo, òsì àti ọ̀tún kò ní túmọ̀ sí nǹkan kan, ibi tí ẹ ń fà dé náà á ṣì máa yí padà. Ẹni tó ti ń ta ọfà pọ̀ sójú kan ní yáàdì 15, tó sì ń ṣe kàyéfì ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi ń gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, kó rà á, owó rẹ̀ kò tó ti ọfà mẹ́fà tó dára. Àwọn 400 tèmi ṣì tuntun. Bí ẹnì kan bá ní recurve pọ́n-ùn 50 sókè, tó sì ń gbé nítòsí Houston, kó wá yá wọn lọ́wọ́ mi.