QDYN: ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò bí àpáta abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń yọ̀

QDYN jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣírò bí ìhà méjì àpáta tí ó ti sán lábẹ́ ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ lára ara wọn, láti àkókò tí wọ́n di ara wọn mú pinpin títí di ìgbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo fi ń yìn ín jù lọ ni ọgbọ́n tí ó ń dá sí ọ̀rọ̀ àkókò. Àwòṣe, ìyẹn àpẹẹrẹ àpáta tí a kọ sínú kọ̀ǹpútà, sábà máa ń fún ìrìn àpáta ní nǹkan bí 30 mìlímítà lọ́dún, ṣùgbọ́n nígbà ìmìtìtì, ìyọ̀ náà lè yá tó mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ètò tí ó bá ń gbé ìgbésẹ̀ àkókò kan náà ní gbogbo ìgbà kò ní parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. QDYN ń mú ìgbésẹ̀ gùn nígbà tí ohun gbogbo bá rọlẹ̀, ó sì ń gé e kúrú gan-an nígbà tí ìyọ̀ bá yá, tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún àti ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ fi ń wọ inú ìṣirò kan ṣoṣo.

Òfin tí ó dúró lé ni èyí tí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì James Dieterich ní 1979 àti Andy Ruina ní 1983 gbé kalẹ̀, pé ìdìmú àpáta kì í ṣe iye kan tí kì í yí padà, bí kò ṣe ohun tí ó ń tẹ̀lé bí ìyọ̀ ṣe yá tó àti bí ojú méjèèjì ṣe ti pẹ́ tó lára ara wọn. Iye méjì ni òfin náà ń lò: “a” ń sọ bí ìdìmú ṣe ń tẹ̀lé yíyá ìyọ̀, “b” sì ń sọ bí ó ṣe ń tẹ̀lé pípẹ́ ojú méjèèjì lára ara wọn. Níbi tí iye “b” bá ti ju “a” lọ, bí ìyọ̀ bá ṣe ń yá sí i ni ìdìmú ń dẹ̀, ìmìtìtì sì lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀; níbi tí “a” bá ti ju “b” lọ, àpáta yóò máa yọ̀ lọ jẹ́jẹ́, bíi ti apá San Andreas tí ó wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Parkfield ní Kalifọ́níà. Ó dùn mọ́ mi pé ibi kọ̀ọ̀kan nínú àwòṣe lè ní “a” àti “b” tirẹ̀.

Ibi tí ó gba ìfura ni fífẹ̀ àwọn ègé tí a pín ojú àpáta náà sí. Bí líle àpáta bá jẹ́ 30 GPa (GPa kan jẹ́ 1,000 MPa, ìwọ̀n ìtẹ̀mọ́ra ni méjèèjì), tí ó gbọ́dọ̀ yọ̀ ní 8 mìlímítà kí ìdìmú tó yí padà, tí “b” jẹ́ 0.015, tí ìtẹ̀mọ́ra sì jẹ́ 50 MPa, a ó sọ líle di ìlọ́po ìyọ̀ náà, a ó sì fi “b” ìlọ́po ìtẹ̀mọ́ra pín in: 320 mítà ni ìṣirò yóò gbé jáde, ègé kan sì gbọ́dọ̀ kéré sí èyí dáadáa. 80 mítà ni èmi yóò lò. Bí ó bá fẹ̀ jù, ègé kọ̀ọ̀kan yóò máa yọ̀ bí ẹni pé kò mọ ìkejì rẹ̀, àwòrán tí yóò jáde lè dára lójú, ṣùgbọ́n àwọn ìmìtìtì kéékèèké tí ó kún inú rẹ̀ kò wá láti ọ̀dọ̀ àpáta rárá.

Ètò yìí kì í ṣírò ìgbì ilẹ̀ ní kíkún. Ọ̀nà àbùjá ni ó fi ń yọ agbára tí ìgbì ìbá kó lọ kúrò nínú ìdọ́gba. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ilẹ̀ yóò ṣe mì tó ní ìlú kan ní láti wá ètò mìíràn. Èdè kọ̀ǹpútà Fortran ni wọ́n fi kọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Python tàbí MATLAB ni a fi ń pàṣẹ fún un. Mo gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nímọ̀ràn pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo tí sípíríìngì ń fà, kí ó tó bọ́ sórí àpáta gbalasa.