Metricheck: irin tó ń tú àṣírí ilé-ọmọ màlúù

Abo màlúù á bímọ tán, á máa jẹun, wàrà á máa jáde, ara rẹ̀ kò sì ní gbóná. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi àtọ̀ sí i, kò ní dúró. Nínú agbo tèmi, ọyún tó fara pamọ́ sínú ilé-ọmọ ló sábà máa ń fà á. Ohun tó mú mi ra Metricheck nìyẹn.

New Zealand ni irinṣẹ́ yìí ti wá. Irin tí kì í dípẹtà ni, ó gùn tó nǹkan bí ìdajì mítà, abọ́ silikónì kékeré kan sì wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ ìdí màlúù náà, ẹ nù ún dáadáa, kí ẹ wá rọra ti irin náà wọ ojú ara rẹ̀ títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ. Ẹ gbé ìdí irin sókè díẹ̀ kí abọ́ náà lè gbá ìsàlẹ̀ ojú ara náà, kí ẹ tó fà á jáde. Bí ohun tó gbé jáde bá mọ́ gaara, ó dára. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán ọyún funfun nínú rẹ̀, ẹ fura. Bí ọyún bá pọ̀ tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pe dókítà ẹran.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé mi ò fún gbogbo abo tó bímọ tipátipá ní àǹtíbáọ́tíìkì mọ́. Èyí tí ọyún wà lára rẹ̀ nìkan là ń tọ́jú.

Ẹ má lò ó kó tó pé ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìbímọ, torí omi ìdọ̀tí ṣì máa ń jáde lára màlúù tára rẹ̀ le. Èyí tí ibà mú láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, tí omi pupa rúsúrúsú tó ń rùn ń jáde lára rẹ̀, kò yẹ kó dúró de irin kankan. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Metricheck kì í sọ orúkọ bakitéríà tó fa ọyún náà. Trueperella pyogenes ló sábà máa ń wà nídìí ọyún tó ki, àmọ́ àyẹ̀wò nìkan ló lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ilé-ọmọ mìíràn sì ń wú láìsí ọyún rárá; ìyẹn á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Brucella, bakitéríà tó máa ń ba oyún màlúù jẹ́, ńkọ́? Irin yìí kò lè rí i. Màlúù tí oyún rẹ̀ bá wálẹ̀ ní oṣù karùn-ún sókè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ lásán kan ibi ọmọ náà, ẹ má sì mu wàrà rẹ̀ ní tútù, torí àrùn yìí máa ń ran èèyàn.

Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un. Ẹni tí ẹran rẹ̀ kò pọ̀, kí dókítà máa mú tirẹ̀ wá. Ẹni tó ní agbo ńlá, kó ra méjì, kí ọ̀kan máa wà nínú omi apakòkòrò nígbà tí èkejì bá wà lẹ́nu iṣẹ́.