RX 6600 àbí RTX 3050 6GB?
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra káàdì géèmù olówó pọ́ọ́kú (graphics card, èyí tó ń gbé àwòrán géèmù jáde nínú kọ̀ǹpútà), ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dínwó tàn yín jẹ o. RX 6600 jáde ní 2021 ní $329, tẹ́ ẹ bá wá rí i ní nǹkan bíi $200, ẹ gbé e jàre, 8GB ni mẹ́mórì ẹ̀, RTX 3050 6GB kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀ rárá nínú géèmù. Àmọ́ iná tí RX 6600 ń jẹ tó 132W, ó fẹ́ wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀ láti ara power supply (ẹ̀rọ tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà), kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ kì í sì í sábà ní in. Ibẹ̀ ni 3050 yẹn ti wúlò, 70W péré, ara motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) ló ti ń fa iná ẹ̀, ẹ kàn máa fi sí ibẹ̀ ni. Ó tún ní DLSS, ìyẹn ọgbọ́n AI tí Nvidia fi ń jẹ́ kí géèmù túbọ̀ yá. Ṣùgbọ́n tí power supply yín bá ti lè gbé RX 6600, kí lẹ tún fẹ́ fi 3050 ṣe?