Ọkọ̀ aluminiọ́mù kékeré méjì fún omi Ọ̀yán: onídìí pẹrẹsẹ la mú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè irú ọkọ̀ tó dáa fún fàájì lórí omi lágbègbè Abẹ́òkúta, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ méjì wò l'Ékòó ni, tòkunbọ̀ ni méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà 14 ló gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n ń pè é ní 1448, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ bàtà 14 ló gùn, ìdí ẹ̀ sì fẹ̀ tó ínṣì 48, wẹ́dà ló jó o pọ̀, kò sí ríbẹ́ẹ̀tì (ìṣó kékeré tí wọ́n fi ń kan irin pọ̀). Èkejì ìdí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó bíi V, ríbẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kàn án.

Ká sọ tòótọ́, onídìí V yẹn ló wuyì jù lójú, tó bá sì di ọ̀rọ̀ ìgbì, òun náà ni ọ̀gá. Dáàmù Ọ̀yán tí Ààrẹ Shagari ṣí ní 1983 kì í ṣe omi kékeré o, ó tó nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 40, tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ lọ́sàn-án, omi á ru. Onídìí V á là á kọjá, pẹrẹsẹ á máa gbá omi gbàgà-gbàgà, ẹ̀yìn á máa ro yín, omi á sì máa ta sí yín lójú.

Àmọ́ ẹ dìde dúró nínú onídìí V yẹn kẹ́ ẹ wò ó! Ọmọdé kan ṣoṣo tó bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wo ẹja, gbogbo ọkọ̀ ti fì síbẹ̀ nìyẹn. Pẹrẹsẹ kì í tètè fì bẹ́ẹ̀, ẹ lè jókòó ju ìwọ̀ kí ọkàn yín balẹ̀, omi tó sì máa gbé e léfòó ò pọ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àpáta bá ti yọ lódò Ògùn ní Láfẹ́nwá, èyí ṣe pàtàkì gan-an. (Nígbà òjò tí wọ́n bá ṣí omi dáàmù sílẹ̀ tí Ògùn kún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì síbẹ̀, omi yẹn ń sáré.)

Ríbẹ́ẹ̀tì gan-an ló kọ́kọ́ lé mi sẹ́yìn. A ní kí wọ́n bu omi sínú ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀, a wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ omi ti ń kán tó-tó-tó láti ibi tí wọ́n ti kàn án nítòsí ẹ̀yìn. Ẹni tó ń tà á ní kò sí wàhálà, gọ́ọ̀mù á dí i. Èmi ò gbà, torí ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n jó náà lè sán o, kì í sì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè jó aluminiọ́mù, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì argon ni kẹ́ ẹ wá, àmọ́ gbígbẹ ló gbẹ táútáú nígbà tá a bu omi sí i.

Ohun tó wá parí ọ̀rọ̀ ni ẹ́ńjìnnì. Yamaha alágbára ẹṣin 15 tó ń lo ọ́ìlì pọ̀ mọ́ fúẹ́ẹ̀lì lẹ̀gbọ́n mi ti ní nílé, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú sì ni, ìyẹn ni pé ọ̀pá tó gbé propeller (abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ) sínú omi ò gùn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹrẹsẹ níbi tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ga ní ínṣì 15, ó bá a mu wẹ́kú. Ti onídìí V ga ní 20, tẹ́ ẹ bá gbé ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kọ́ ọ, propeller ò ní rì dáadáa, atẹ́gùn lá máa fà, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán, ọkọ̀ ò ní lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn lórí pẹrẹsẹ náà ò dáa, á rì jù, kùkùté igi abẹ́ omi á sì kan propeller.

Ẹni mélòó ló lè gbé? Ìṣirò táwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fún irú ọkọ̀ kékeré báyìí ni kẹ́ ẹ fi gígùn ẹ̀ sọ fífẹ̀ ẹ̀ di púpọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà, kẹ́ ẹ fi 15 pín in. Tó bá fẹ̀ tó 5, 14 lọ́nà 5 jẹ́ 70, tẹ́ ẹ bá fi 15 pín in, ó lé ní mẹ́rin àmọ́ kò pé márùn-ún, ẹni mẹ́rin ni, kí ẹnikẹ́ni má fi ìkarùn-ún sí i. Life jacket fún olúkúlùkù, títí kan ọmọ ọwọ́, kẹ́ ẹ sì ti kúrò lórí omi kílẹ̀ tó ṣú, torí NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà omi ní Nàìjíríà, ò fẹ́ ìrìn òru.

Ẹ má kun ọ̀dà tó ní bàbà nínú sí aluminiọ́mù o, jíjẹ ló máa jẹ ẹ́.

Tó bá jẹ́ pé àárín Ọ̀yán gan-an lẹ̀yin fẹ́ máa lọ, tẹ́ ò sì ní gbé ọmọdé dání, onídìí V ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ ra ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn sí i, kẹ́ ẹ sì bu omi sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.