Ìyẹ́ Tòlótòló Ọjà, Ìyẹ́ Inú Ọ̀rá, Ìyẹ́ Rọ́bà: Èwo Ló Yẹ Ọfà Yín?

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹ́ sí ọfà onígi tàbí ọfà ọparun ní Àkúrẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ó lè ra ìyẹ́ tòlótòló tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti pa láró, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá wá láti òkè òkun. Ó lè ra ìyẹ́ rọ́bà. Ó sì lè lọ bá àwọn tó ń pa tòlótòló ní Ọjà Ọba tàbí ní Ìsìkàn, kó gba apá ẹyẹ lọ́wọ́ wọn, kó gé e fúnra rẹ̀. Ohun tí ìyẹ́ ń ṣe nídìí ọfà kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń wá a rà, a ò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú rọ́bà kúrò ńlẹ̀

Òjò kì í ṣe rọ́bà ní nǹkan kan, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Bí ọrun yín bá jẹ́ irú tuntun tó ní apá kékeré kan tó ń gbé ọfà jìnnà sí ara ọrun, rọ́bà á bá yín ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọrun ìbílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ìka ọwọ́ tó di ọrun mú, tàbí ara igi ọrun gan-an, ni ọfà ń gbà kọjá. Bí ìyẹ́ ẹyẹ bá kan ọrun, á tẹ̀, á kọjá, á sì na ara rẹ̀ padà. Rọ́bà kì í tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa gbá ọrun, ìdí ọfà á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹni tó ń ta á á sì máa dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi. Rọ́bà tún wúwo ju ìyẹ́ tí wọ́n jọ gùn bákan náà lọ, ìdí ọfà ni ìwúwo náà sì ń lọ, níbi tí a kò ti nílò rẹ̀. Bí ẹ bá sì ní in lọ́kàn láti ta ọrun gígùn onígi nínú ìdíje World Archery, àjọ tó ń darí eré ọfà títa lágbàáyé, lọ́jọ́ iwájú, ìyẹ́ ẹyẹ nìkan ni òfin wọn gbà níbẹ̀.

Àwọn ẹyẹ yòókù, kíá ni ká sọ̀rọ̀ wọn. Ìyẹ́ àkùkọ rọ̀ jù. Ti ẹtù le díẹ̀, àmọ́ ó kúrú, ọfà kékeré ló tó. Igún àti àṣá, ẹ má bá ẹnikẹ́ni ná an rárá: láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ẹ̀dá, ti ka igún ilẹ̀ wa mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa run tán.

Apá òsì, apá ọ̀tún: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù

Ìyẹ́ apá òsì tẹ̀ sí ọ̀nà kan, ti apá ọ̀tún tẹ̀ sí òdìkejì. Lójú ẹni tó dúró lẹ́yìn ọfà, ti òsì á máa yí ọfà sósì, ti ọ̀tún á máa yí i sọ́tùn-ún. Kò sí èyí tó dáa ju ìkejì lọ. Ohun tí kò dáa ni kí ẹ pò wọ́n. Bí méjì bá jẹ́ ọ̀tún tí ọ̀kan jẹ́ òsì lára ọfà kan, wọ́n á máa bá ara wọn fà á. Ọfà ò ní yí bó ṣe yẹ, ìdí rẹ̀ á máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi balẹ̀. Ẹ lè pààrọ̀ ọṣán, ìyẹn okùn ọrun, kí ẹ pààrọ̀ irin orí ọfà, kò ní tán níbẹ̀.

Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ nìyí. Ẹ gbé odindi ìyẹ́ kan sórí tábìlì. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán, tó tẹ̀ kọrọdọ, ni kó wà lókè. Ojú tí eegun rẹ̀ ti ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ ṣóńṣó rẹ̀ síwájú, kí ìdí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Bí etí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bá wà lọ́wọ́ òsì yín, tí etí tó fẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ẹyẹ ló ti wá. Bó bá jẹ́ òdìkejì rẹ̀, apá òsì ni.

Ìyẹ́ inú ọ̀rá ò ní jẹ́ kí ẹ rí èyí, torí wọ́n ti gé etí tó tẹ́ẹ́rẹ́ dànù. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ tò wọ́n lé ara wọn. Àwọn tí wọ́n jẹ́ apá kan náà á jókòó sínú ara wọn bí abọ́. Èyí tó bá jẹ́ apá kejì á yọ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ṣe é kí ẹ tó sanwó bó bá jẹ́ ojúkojú lẹ ti ń rà. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ bi ẹni tó ń tà pé apá wo ni, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ, àwọn mìíràn sì máa ń kó àṣẹ́kù ọ̀rá méjì mẹ́ta pọ̀ tà. Ẹni tó bá ra ọgọ́rùn-ún nínú irú ẹ̀ lè má rí ju ìdajì lò fún iṣẹ́ tó ní lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ apá ń gbà múni. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ tí ń di ìyẹ́ mú lára ọfà títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Èyí tí irin rẹ̀ lọ́ sọ́tùn-ún kò gba ìyẹ́ òsì, èyí tó lọ́ sósì kò gba ti ọ̀tún. Irin tó tọ́ gbọọrọ nìkan ló ń gba méjèèjì, ẹ kàn máa gbé e fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ síbi tí ìyẹ́ tẹ̀ sí. Èkejì ni ìyẹ́ aláwọ̀ ọ̀tọ̀, èyí tí a fi ń mọ bí a ṣe máa fi ọfà sí ọṣán. Àwọn èèyàn máa ń ra dúdú nínú ọ̀rá kan, kí wọ́n ra funfun nínú òmíràn, láìwò ó pé funfun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ apá kan náà pẹ̀lú dúdú.

Tòlótòló ọjà: omi gbígbóná ni ọ̀tá rẹ̀

Ìyẹ́ ńlá mẹ́wàá ló wà ní ìparí apá tòlótòló kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wúlò. Bí ẹ bá rí mẹ́fà tó gún régé lápá kan, ẹ ti rí nǹkan. Ọfà méjìlá ń fẹ́ ìyẹ́ mẹ́rìndínlógójì, mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni pé tòlótòló mẹ́fà á fún yín ní ìyẹ́ ọfà méjìlá ti apá ọ̀tún, àti ìyẹ́ ọfà méjìlá mìíràn ti apá òsì. Ìyẹ́ ìrù àti ìyẹ́ ẹ̀bá ara kò sí nínú ìṣirò yìí.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹyẹ tí olówó rẹ̀ ti gé lápá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin tòlótòló máa ń gé ìyẹ́ apá kan kó má baà fò kọjá ọgbà, apá kan ṣoṣo ló sì máa kù tó wúlò. Ẹ na apá méjèèjì wò kí wọ́n tó pa á.

Ohun tó ń ba ìyẹ́ ọjà jẹ́ jù ni pé wọ́n máa ń ki odindi ẹyẹ bọ omi gbígbóná kí wọ́n tó tu ú. Ìyẹ́ náà á rọ̀ nínú omi, wọ́n á fún un mọ́ra, wọ́n á fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n dànù sínú ọ̀rá ẹran àti ẹ̀jẹ̀, ibi tó bá sì ká kò sí ni yóò gbẹ sí. Eegun rẹ̀ á lọ́, etí rẹ̀ á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìyẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ pàápàá wọ́n jù fún un. Ẹ kàn sọ fún ìyá tó ń pa á pé: “Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé apá rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bọ̀ ọ́ lómi.” Ẹ fi nǹkan díẹ̀ lé owó iṣẹ́ wọn, torí ó ń dá wọn dúró. Ẹyẹ tó kú fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Láti ọdún 2006 tí àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu ti kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ni ìkìlọ̀ yẹn ti wà.

Nílé, ẹ fa ìyẹ́ náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbòòji. Bó bá gbẹ, ẹ fi bíléèdì la eegun rẹ̀ sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Etí tó fẹ̀ la fẹ́. Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ fa etí ya kúrò lára eegun torí ó yá. Ohun tó máa ń kù nídìí rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, kò sí ibi tí gọ́ọ̀mù máa dì mú. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ méjì há ìyẹ́ mọ́ra kí eegun yọ síta, kí ẹ fi sáńpépà ha á títí kó fi ku bíi mílímítà kan. Bó bá nípọn jù, kò ní tẹ̀lé ara ọfà. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, á ya. Íǹṣì márùn-ún ni kí ẹ gé fún ọfà tó ní irin fífẹ̀, mẹ́rin tó fún ọfà ìdánrawò. Ẹ gé àwòṣe rẹ̀ lára páànù kan kí gbogbo wọn lè dọ́gba, sísọ́ọ̀sì tó mú á ṣe ìyókù.

Kí ẹ fi eegun sílẹ̀ lásán díẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi òwú dì í mọ́ ọfà, kí ẹ kán gọ́ọ̀mù lé e. Iwájú yìí ṣe pàtàkì. Eegun tó bá gbéra díẹ̀ níbẹ̀ á gé ọwọ́ tí ọfà ń gbà orí rẹ̀ kọjá, ó sì lè wọlé jinlẹ̀. Gọ́ọ̀mù àwọn tó ń tún bàtà ṣe dára, bí ẹ bá kọ́kọ́ dán an wò lórí fáníìṣì yín. Òmíràn máa ń yọ́ fáníìṣì. Ẹ jẹ́ kí ìdí ìyẹ́ jìnnà tó íǹṣì kan sí ẹnu tí ọṣán ń wọ̀, kí ìka lè ráyè.

Òjò àti kòkòrò

Ìyẹ́ òkè òkun àti ti ọjà kò yàtọ̀ níbí. Òjò á lẹ méjèèjì mọ́lẹ̀. Bó bá ti gbẹ, ẹ gbé e sókè ooru kẹ́tùlù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, láìjẹ́ kí nǹkan kan tẹ̀ ẹ́, á dìde padà. Ẹ fi káńfọ̀ sínú ibi tí ẹ bá kó o sí.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ìyẹ́ inú ọ̀rá ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Gígùn rẹ̀ dọ́gba, wọ́n ti ha eegun rẹ̀, àwọ̀ tó bá wù yín wà. Ẹni tó ń fẹ́ ọfà mẹ́fà ṣáájú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí kò sì ní àyè láti jókòó ti sáńpépà, kó rà á, bí ẹni tó ń tà bá lè sọ apá tó jẹ́. Ẹni tó bá máa ta ọfà lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀, tó máa ń sọ ọfà nù sínú koríko, tó sì fẹ́ mọ ẹyẹ àti apá tí ìyẹ́ rẹ̀ ti wá, tòlótòló ọjà ni tirẹ̀. Dúdú aláwọ̀ idẹ tó wọ́pọ̀ nílé wa le dáadáa, ẹ sì máa rí funfun kan mú fún àmì.

Àsìkò Kérésìmesì àti ọdún tuntun ni tòlótòló ń pọ̀ jù. Ẹ ti lọ bá ẹni tó ń pa á ní ìparí oṣù kọkànlá, kí ẹ san àsansílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì kó àpò méjì fún un: ọ̀kan fún apá òsì, ọ̀kan fún ti ọ̀tún.