Lẹ́ńsì wo ló yẹ ẹni tó fẹ́ ya àwòdì àti àṣá ní ẹ̀yìnkùlé?

Àwòdì kan bà sórí òpó ọgbà, kò ju mítà 8 lọ sí fèrèsé. Ó yíjú sọ́tùn-ún, ó wo ilẹ̀, ó tún gbójú sókè. Lójijì ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó yàgbẹ́ funfun sílẹ̀, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Ẹni tó bá ti ń ṣọ́ ẹyẹ apẹranjẹ mọ àmì yìí: bó bá ti tẹ̀ síwájú tó sì yàgbẹ́, gbígbéra ló kù. Ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn ni kí ẹ fi díwọ̀n ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Èyí tó ń rí ọ̀nà jíjìn jù ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì kó fọ́tò apá kan ṣoṣo àti ìrù tí kò ní orí jọ fún oṣù mélòó kan kí ó tó yé mi. Nínú pápá, àwa là ń wá ẹyẹ lọ. Ní ẹ̀yìnkùlé, ẹyẹ ló ń wá bá wa, ó sì ń súnmọ́ wa gan-an.

Mẹ́ta tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń gbé yẹ̀ wò ni mo fẹ́ fi wéra: Nikon Coolpix P1000, kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ kò ṣeé yọ, Canon RF 800mm f/11, tí kò ní súùmù rárá, àti Sigma 150-600mm Contemporary, tó ní súùmù. Bí nọ́ńbà mm bá ṣe ga tó ni lẹ́ńsì ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ tó, ibi tó ń rí á sì dín kù.

Ẹyẹ ha lè gba inú fọ́tò bí?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òpó yẹn, ká lo kámẹ́rà full frame, èyí tí sensor rẹ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, tóbi bí fíìmù 35mm àtijọ́. Ní mítà 8, ibi tí 800mm lè rí kò fẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 36 lọ. Orí àwòdì àti àyà rẹ̀ á kún inú rẹ̀, yóò sì rẹwà: ẹ ó rí ojú rẹ̀, ẹ ó rí ìkọ́ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá na apá, apá náà lè tó sẹ̀ǹtímítà 140 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ kó o sínú 36. Lórí Sigma, ẹ fa súùmù padà sí 150mm, ibi tó ń rí á fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà méjì dín díẹ̀, gbogbo ẹyẹ á sì wọlé. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jùlọ nìyí.

Súùmù P1000 fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ohun tó dọ́gba pẹ̀lú 24mm títí dé 3000mm. Bí àṣá bá bà sórí igi gíga lẹ́yìn ilé kejì tó sì jókòó jẹ́ẹ́, kò sí èyí tó lè bá a dù ú. Bó bá fò ńkọ́? Fọ́tò 7 ló lè yà tẹ̀léra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ó ní láti dúró kó wọn sórí káàdì. Ẹyẹ kì í dúró dè é.

Ìmọ́lẹ̀

Bí ẹyẹ bá ń fò, kámẹ́rà ní láti ṣí kó sì pa dé láàárín 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá kí ṣóńṣó apá rẹ̀ má baà dàrú. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lórí Canon yìí kò kúrò ní f/11, kò ṣeé ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ; bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò náà fẹ̀ tó. Sigma ń ṣí dé f/6.3 ní 600mm, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà sì tó ìlọ́po 3 ti f/11. Nítorí náà, bí ISO (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ kékeré ga) 3200 bá tó Sigma ní ìrọ̀lẹ́, Canon yóò fẹ́ nǹkan bí 10,000. Àwòrán á dà bí èyí tí wọ́n bu iyanrìn sí, àwọn ìlà wínníwínní ara ìyẹ́ á sì parẹ́. Ìrọ̀lẹ́ àti òwúrọ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ máa ń dára lára ẹyẹ jùlọ. Ti P1000 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ojú sensor full frame fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 30 tirẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ló bá a mu.

Ohun tí wọn kì í sọ fún olùrà

Canon 800mm yìí kò lè mú ohun tó bá súnmọ́ ọn ju mítà 6 lọ. Bí àwòdì bá wá mu omi nínú agbada tó wà ní mítà 4 sí fèrèsé, ẹ ó kàn máa wò ó ni. Sigma lè súnmọ́ dé mítà 2.8.

Ní ti ìwúwo, Canon ló fúyẹ́ jù: gíráàmù 1,260. P1000 jẹ́ 1,415, Sigma sì jẹ́ 1,930, tí ẹ kò tíì so mọ́ kámẹ́rà. Ẹ ó nílò ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún un bí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ ẹyẹ fún wákàtí kan.

Ta ni kó ra èwo?

Ẹni tí kò ní kámẹ́rà tẹ́lẹ̀, tí kò sì fẹ́ ju fọ́tò ẹyẹ tó jókòó lọ, kó ra P1000. Ẹni tó ní kámẹ́rà Canon tó ń lo lẹ́ńsì RF, tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, tí apá rẹ̀ kò sì gba ẹrù wúwo, 800mm yóò ṣe é láǹfààní. Gbogbo ẹni tó kù, Sigma ni. Ẹ rí i pé irú tí ẹ rà bá ẹnu kámẹ́rà yín mu.

Kò sí èyí tó wà fún òwìwí lóru nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má sì tan fláàṣì sójú òwìwí. Bí ẹyẹ bá ti fi ìtẹ́ sítòsí, ẹ jìnnà síbẹ̀; ẹni tó bá lé ìyá kúrò lórí ẹyin nítorí fọ́tò ti ba nǹkan jẹ́.

Bó bá jẹ́ Sigma àlòkù ni ẹ fẹ́ rà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì láti ẹ̀yìn, kí ẹ wo bóyá ebu ti ta okùn bí òwú sára dígí. Lẹ́yìn náà ẹ fà á dé 600mm, ẹ fi wo ewé kan ní mítà 3, ẹ tún fi wo orí igi tó jìnnà, kí ẹ sì fetí sí i bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá ń wá ojú ewé náà láìrí i, ẹ dá a padà.