Panasonic GH5, agbádá funfun àti oòrùn Abùjá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò ìgbéyàwó ní Abùjá mọ̀ ọ́n: ọkọ ìyàwó wọ agbádá funfun báláú, ara rẹ̀ dúdú ó ń dán, ẹbí jókòó sábẹ́ àtíbàbà, oòrùn ọ̀sán sì ń ta lẹ́yìn wọn. Kámẹ́rà tí ẹ bá ní kó ṣètò ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò mú aṣọ, yóò pa ojú, tàbí kó mú ojú, kó pa aṣọ. Nítorí irú iṣẹ́ yìí ni mo ṣe fẹ́ràn kámẹ́rà Panasonic GH5, tó jáde ní 2017, tí mo ra ní tòkunbọ̀.

Waveform rẹ̀, ìyẹn àtẹ tó ń fi ìlà hàn bí ibi kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán ṣe mọ́lẹ̀ tó, nìkan tó owó tí mo san. Nínú oòrùn, sìkírìnì máa ń tan ni jẹ; èèyàn á rò pé àwòrán ṣókùnkùn, á tún ṣí lẹ́ǹsì sí i. Waveform kì í tan ni. Bí ìlà rẹ̀ bá ti lọ lẹ̀ mọ́ òkè, iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ti lọ nìyẹn, kọ̀ǹpútà kankan kò lè dá a padà. Zebra, ìyẹn ìlà tó máa ń yọ lórí ibi tó bá mọ́lẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí ẹ fi sí, ni mo tún ń lò, mo fi sí 95: bó bá ti yọ lára aṣọ, mo ń dín ìmọ́lẹ̀ kù títí á fi pòórá. Tí ojú bá ṣì ṣókùnkùn, bọ́ọ̀dù funfun ni mo ń ní kí ọmọṣẹ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. GH5 ń gba 10-bit 4:2:2, ìyẹn fídíò tó ń tọ́jú àwọ̀ púpọ̀, sórí káàdì, nítorí náà mo lè gbé awọ dúdú sókè díẹ̀ nígbà àtúnṣe láìbà á jẹ́.

Ẹ má fojú di Like709, ọ̀kan lára àwọn ètò àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Knee rẹ̀ ń rọra tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù wálẹ̀. Ní Zaria, nígbà tí wọ́n ń gẹṣin ọdún Iléyá, òun ló jẹ́ kí ìṣẹ́po láwàní funfun ṣì hàn.

GH5 kò ní ND nínú, ìyẹn gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. ISO rẹ̀, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tètè ràn án tó, bẹ̀rẹ̀ láti 200. Tí ìyára ṣọ́tà yín bá wà ní 1/50, oòrùn gangan á béèrè f/32, ihò lẹ́ǹsì tó kéré gan-an, èyí tí lẹ́ǹsì mi kò ní. ND64, tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdá kan nínú 64, ló ń mú un wá sí f/4. Ẹ rà á mọ́ ọn, dandan ni. Ní gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò tó, nítorí pé sẹ́nsọ̀ kámẹ́rà náà, ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀, kéré, àwòrán á rú.

Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ gbé e jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ dojú rẹ̀ kọ ògiri funfun nínú oòrùn, kí ẹ ṣí waveform wò kí ẹ tó sanwó.